Ọjọ́ Tí Màmá Ní Kí Àbúrò Mi Má Yàgò Mọ́

Òórùn òrí àti omi gbígbóná ló máa ń jí mi láràárọ̀ nígbà tí màmá mi wá bá wa wẹ ọmọ ní Kettering. Láti Ìbàdàn ni wọ́n ti gbé òrí náà wá pẹ̀lú kànrìnkàn tuntun, bí ẹni pé wọn kì í wẹ ọmọ ní Amẹ́ríkà. Ó yẹ kí n máa sinmi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ukraine, ibẹ̀ sì ni àbúrò mi, àbíkẹ́yìn ilé wa, ti ń kọ́ iṣẹ́ dókítà.

Ọkọ mi ní a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí Màmá gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ló ń bà á lẹ́rù, ó sì ń ba èmi náà lẹ́rù. A yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n, a ní ó ti bàjẹ́. Mo bẹ àwọn ẹ̀gbọ́n mi nílé pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ fún wọn lórí fóònù. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo ń dá. Bí fóònù tèmi bá ti dún báyìí, màá mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, màá ní mo fẹ́ lọ ra páḿpásì, màá wá lọ máa rìn yí adágún omi Lake Arbor ká nínú òtútù, ọyàn mi á máa kún, màá sì máa bá àbúrò mi sọ̀rọ̀. Páḿpásì kún ilé wa débi pé ọmọ náà ì bá wọ ilé ìwé kó tó lò ó tán.

Ara mi ò balẹ̀ rárá. Àbúrò mi ti wọ ọkọ̀ ojú irin jáde kúrò nílùú tí bọ́ǹbù ń bọ́ sí, ó sì ti dé ẹnubodè Poland, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló há sí. Èrò ò lóǹkà. Àwọn ọmọ onílùú làwọn ẹ̀ṣọ́ kọ́kọ́ ń jẹ́ kó kọjá, wọ́n ń dá àwọn aláwọ̀ dúdú padà sẹ́yìn. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé nígbàkígbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan géètì, ìyá arúgbó kan á dé, àbúrò mi á sì yàgò fún un. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Bí àgbàlagbà bá wọlé, kó tó rò ó, ó ti dìde lórí àga. Ó ti wá ń sọ pé òun máa padà sínú ìlú, pé òtútù ti pa ẹsẹ̀ òun kú.

Màmá náà ń wò wá. Wọ́n rí i pé mo ń jáde ṣáá, pé èmi àti ọkọ mi ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, pé mo ń sunkún ní bálùwẹ̀. Wọ́n parí èrò síbi tí gbogbo ìyá tó lọ́mọ nílé ọkọ máa ń parí rẹ̀ sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, mo wọ pálọ̀, mo bá ìyá mi lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọkọ mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ìkókó, ẹ bá mi foríjì í. Ohun yòówù tó bá ṣe fún yín, èmi ni kẹ́ ẹ bá wí."

Ọkọ mi ti nà gbọọrọ sórí kápẹ́ẹ̀tì kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Ta ni ìyá ìyàwó rẹ̀ máa kúnlẹ̀ fún tí kò ní dọ̀bálẹ̀? Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, wọ́n ń bẹ ara wọn. Bí ẹ̀rín ṣe ń pa mí ni ẹkún ń gbọ̀n mí.

"Mummy, a ò jà o!" ni ọkọ mi wí láti ilẹ̀ tó wà. "War ni. Ogun ló dé bá ọmọ yín ní Ukraine. Ó ti wà ní border látọjọ́ yìí, wọn ò jẹ́ kó cross."

Màmá ò ké, wọn ò sì dákú bí a ṣe ń bẹ̀rù. Mo sọ fún wọn bí àbúrò mi ṣe ń yàgò fáwọn ìyá arúgbó ní géètì. Wọ́n ní kí n pè é. Nígbà tó gbé e, tó gbọ́ ohùn wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn, ó ń béèrè ìkókó. Wọ́n dá a lẹ́nu.

"Gbọ́ mi dáadáa. Gbogbo ohun tí mo kọ́ ẹ nípa àgbà, gbé e sílẹ̀ lónìí. Kò sí ìyá ẹ kankan níbẹ̀. Èmi nìkan nìyá ẹ. Máa tì wọ́n, kó o kọjá!"

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kó tó pè wá láti Poland. Mo jó yí pálọ̀ ká tọmọtọmọ. Màmá jókòó, wọ́n ní kó sọ bó ṣe kọjá. Ó kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n tún bi í.

"Mummy, mo ti màmá kan. Wọ́n ṣubú."

"Ṣé wọ́n dìde?"

"Mi ò mọ̀, Ma. Mi ò wẹ̀yìn."

Àbúrò mi ti di dókítà báyìí, ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílùú mìíràn. Màmá ti padà sí Ìbàdàn tipẹ́. Mo máa ń dara pọ̀ mọ́ àdúrà òwúrọ̀ wọn lórí fóònù kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n á dárúkọ àwa ọmọ, wọ́n á dárúkọ àwọn ọmọ wa. Lẹ́yìn náà wọ́n á rọ ohùn sílẹ̀, wọ́n á gbàdúrà fún ẹnì kan tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀: ìyá tí mo ní kí ọmọ mi tì, Olúwa, níbikíbi tó bá wà, bá mi gbé e dìde. Èmi náà á ṣe àmín, màá sì jókòó sínú ọkọ̀ fúngbà díẹ̀ kí n tó lè wà á.