Òòlù Orí Pákó

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní Àǹtí Sáyẹ́ǹsì, ti fi ọdún mọ́kànlá kọ́ wọn pé ohun tó dákẹ́ lókè kì í ṣe ohun tó ń sùn. Olùkọ́ ni èmi náà, kíláàsì mi ló kángun sí tirẹ̀, ògiri pátákó lásán ló wà láàárín wa, nítorí náà mo mọ ẹ̀kọ́ ọ̀hún tinú-tẹ̀yìn. Á gbé òkúta dé orúnkún, á jẹ́ kó já sínú àwo iyanrìn. Á gbé e dé èjìká, á tún fi í sílẹ̀. Àwọn ọmọ á fi rúlà wọ̀n bí ihò náà ṣe jìn tó. Ọdọọdún ni ọmọ kan máa ń bi í bóyá kí wọ́n kúkú gbé ọ̀gá iléèwé sókè wò.

Bíríkìlà ni ọkọ rẹ̀. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí pákó tí wọ́n ń dúró lé ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ mú irinṣẹ́ rẹ̀ dání. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi gbé oúnjẹ lọ fún un níbi iṣẹ́, ọkùnrin náà fẹ́ mú òòlù rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Fi nǹkan yẹn síbẹ̀ jàre, kò ní sá lọ. Oúnjẹ ń tutù."

Ó fi í síbẹ̀, ó wá jókòó sábẹ́ pákó nítorí oòrùn. Lébìrà kan ru kọnkéré kọjá lókè, pákó mì, òòlù bọ́ lé e lórí. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ò ṣú bá a láyé.

Wọ́n ní lébìrà ló ta òòlù náà nípàá. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́, ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sì ṣépè fún un lójú gbogbo ayé. Ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún, kò sọ pé òun ló ní kí ọkọ òun fi í síbẹ̀. Èmi nìkan ló sọ fún, mo sì bá a gbé e mì, torí ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ á kó ẹrù rẹ̀ síta. Kíláàsì rẹ̀ gan-an ni ọmọbìnrin lébìrà yìí wà. Bí wọ́n bá ń ṣeré, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní kó má dúró sókè orí àwọn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa àgbà méjì wà níbẹ̀, ọmọ náà sì ń kúnlẹ̀ kí wa láràárọ̀.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ náà tún kàn, mo wí fún ẹ̀gbọ́n mi, "Ẹ fò ó. Ta ló máa mọ̀?"

Ó ní, "Èmi."

Mo ń gbọ́ ọ láti ara pátákó. "Òkúta yìí dákẹ́ lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣé agbára wà nínú ẹ̀?"

Wọ́n ní rárá.

"Ó wà. Ẹni tó gbé e sókè lo agbára, agbára yẹn ò ṣègbé, ó wà nípamọ́. Bó bá ṣe wúwo tó, tó sì ga tó, ló ṣe máa pọ̀ tó. Tó bá ń já bọ̀, ó ti di agbára ohun tó ń sáré. Tó bá balẹ̀, á di ariwo, á di ooru díẹ̀, á gbẹ́ ihò."

Ọmọ lébìrà nawọ́. "Àǹtí, tí ẹnì kan bá ṣèèṣì fara kàn án, tó wá bọ́, ṣé ẹni yẹn ló fún un ní agbára yẹn?"

Mo gbàdúrà kí ẹ̀gbọ́n mi purọ́. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

"Rárá," ló wí. "Agbára yẹn ti wà lókè kó tó débẹ̀. Bàbá rẹ kọ́ ló fi òòlù yẹn síbẹ̀. Ọkọ mi fẹ́ mú un sọ̀kalẹ̀, èmi ni mo ní kó fi í sílẹ̀."

Nígbà tí mo wọlé, ó ti kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà, níṣojú àwọn yòókù. "Tá a bá ti ṣíwọ́, mo máa bá ẹ délé," ló ń sọ. "Màá sọ ọ́ fún bàbá ẹ fúnra mi. Lẹ́yìn náà màá lọ sọ fún ìyá ọkọ mi."

Ọmọ náà ò wò ó lójú. "Bàbá mi ti jáde nílé láti oṣù tó kọjá," ló wí. "Màmá mi ò mọ ibi tí wọ́n wà."