Àyè Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Mi

Ọ̀yọ́ ni mo ti ń ya àwòrán ilé fún àwọn èèyàn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi ń gbé, nínú ilé alámọ̀ tí bàbá mi kọ́ sẹ́bàá odò. Bí òjò bá ti rọ̀ gan-an, odò náà á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Èmi á wọ mọ́tò, màá bọ́ọ́lẹ̀ ní oríta Takie, màá gun ọ̀kadà, màá sì bá ìyá mi tó ká ìró rẹ̀ sókè, tó ń gbọ́n omi. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń tọ́jú o. Ibojì bàbá mi tó wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Á fi àkísà nù ún títí á fi gbẹ. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Ìrìn náà sú mi, ìbẹ̀rù náà sì sú mi, pé lọ́jọ́ kan màá débẹ̀, ògiri á ti wó lu ìyá mi.

Mo wá ya ilé kan fún un. Òpó irin ló máa gbé e sókè, kí omi lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìbá ẹnikẹ́ni jà. Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan l'Ọ̀yọ́ la ti kan án ní abala-abala, kí a lè fi ọkọ̀ kó o, ká sì lọ tò ó pọ̀ níbi tó bá wù wá. Àwọn fèrèsé rẹ̀ kọjú síra kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ já. Sólà á wà lórí òrùlé, omi òjò á sì máa ṣàn láti orí páànù sínú táǹkì. Ilẹ̀ gíga kan lẹ́yìn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo fọkàn sí. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tí abala àkọ́kọ́ dúró, mo mú ìyá mi wá sí Ọ̀yọ́ kó wá wò ó. Ó yí i po, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀.

"Ó dáa. Níbo lẹ máa wá sin mí sí?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ilé là ń sọ."

"Ọ̀rọ̀ ilé náà ni mò ń sọ. Ta ni kí n fi bàbá yín sílẹ̀ fún?"

Inú bí mi. "Ẹ̀yin lẹ máa kú sínú omi nítorí ẹni tó ti kú!"

Káfíńtà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá mi ò bú mi. Ó ní kí n wá ọkọ̀ fún òun.

Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni pákó wa fi wà lábẹ́ tapólì. Òjò tún dé, omi tún wọlé, èmi náà tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò lágbára àtibá ẹnikẹ́ni jà. Mo jókòó sórí ibojì bàbá mi, ẹsẹ̀ mi wà nínú omi. Bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Mo wo ibojì náà, mo rí i pé ilé tó dúró lórí òpó kò nílò kó sá fún ibojì, ó lè dúró lókè rẹ̀. Ihò òpó nìkan la máa gbẹ́.

"Màámi, tá a bá gbé ilé náà síbí ńkọ́, lókè Bàbá? A ò ní fọwọ́ kàn wọ́n."

Ó fún àkísà ọwọ́ rẹ̀. "Omi á ṣì máa dé ọ̀dọ̀ wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Wọ́n mọ omi yẹn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ ń gbé."

Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, a wó ilé àtijọ́. A tọ́jú amọ̀ rẹ̀ ká lè fi ṣe búlọ́ọ̀kù fún àtẹ̀gùn. Ìyá mi gbé àpótí rẹ̀ síta, ó jókòó, ó ń wo bíríkìlà tó ń kan èèkàn síbi tí òpó máa wà.

"Ìyẹn sún mọ́ bàbá yín jù," ló wí.

A sún un. Ó ní kò tíì tó. A tún sún un. Bíríkìlà nà ró, ó nu ojú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mà, kí lẹ fẹ́ fi àyè tó tó báyìí ṣe?"

Mo ti mọ̀ nígbà náà.

"Tèmi ni," ni ìyá mi dá a lóhùn.

Mo lóṣòó, mo tẹ́ àwòrán mi sórí orúnkún, mo tún un yà. Irin tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ la máa lò, torí òpó ti jìnnà síra. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí bíríkìlà sún èèkàn tó wà lápá ẹsẹ̀ ibojì síwájú díẹ̀, torí ìyá mi ga ju bàbá mi lọ.