Ìwé Ilẹ̀ Lábẹ́ Áyọ́ọ̀nù

Bí mo bá gbóòórùn èédú, ìyá bàbá mi ni mo máa ń rántí, nílé wa n'Ìjẹ̀bú-Òde. Wọn a máa fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ ìwé bí ẹni ń lọ aṣọ ìsìn. Wọn a ní, “Ìwé tó bá rún, bí irọ́ ló ń rí.”

Nígbà tí mo fẹ́ lọ gba físà Amẹ́ríkà l'Ékòó, wọ́n tẹ́ aṣọ lé ìwé ilẹ̀ wa, ẹ̀rí pé n ó padà wálé, wọ́n ń lọ̀ ọ́. Àyà mi ń já pé kó má lọ jó. Ni wọ́n bá ṣe bí òyìnbó tí yóò bi mí léèrè:

“Kí ni yóò mú ọ padà?”

“Ẹ̀yin ni, Màmá.”

Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí ìwé.

“Má dáhùn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ o. Wọn á bi ọ́ pé ẹni ọdún mélòó ni mí.”