Ìbọn Ẹlẹ́nu Pupa

Ẹ bá mi wo obìnrin kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó wọ awò ojú méjì lórí ara wọn, tó gbé ìbọn lé itan, tó ń tú u wẹ́wẹ́ bí ẹni ń ṣa egungun kúrò lára ẹja. Ẹ má sá. Ìbọn ìṣeré ni. Wọ́n kàn ṣe é bí èyí táwọn sójà òde òní ń gbé kiri ni, àwọ̀ dúdú kan náà, ìwúwo kan náà lọ́wọ́. Àmọ́ bátìrì ló ń lò, ọta ike tí kò tó ẹyọ ẹ̀wà ló sì ń tu jáde. Àwọn àgbàlagbà tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́ ló ń fi í lé ara wọn kiri lọ́jọ́ Sátidé, nínú pápá kan tí wọ́n mọ odi yí ká. Ẹni tí ọta bá ti bà gbọ́dọ̀ nawọ́ sókè, kó jáde. Màmá Oníbọn ni wọ́n ń pe obìnrin yìí, torí òun ló ń bá wọn tún ìbọn wọn ṣe.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ló fi ọgbọ̀n ọdún tún ṣe kó tó kan ìbọn. Lọ́jọ́ tí oníbàárà kan kọ́kọ́ gbé ọ̀kan wá fi dá a lára yá, ó tú u, ó rí mọ́tò, ó rí sípíríǹgì, ó rí eyín irin mẹ́ta tó ń yí ara wọn, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rọ ìránṣọ tó wọ aṣọ sójà lèyí!"

Láti ọjọ́ náà niṣẹ́ ti ń wọlé. Ẹgbẹ́ tó ni pápá fún un ní yàrá kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, yàrá tó ní fèrèsé ńlá, tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sórí tábìlì rẹ̀ tààrà. Ó fẹ́ràn yàrá náà bí ojú. Ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ nìkan ló tún lè gbé tábìlì sí, ibẹ̀ sì ṣókùnkùn fún ẹni tí ojú rẹ̀ ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Àṣà méjì ló ní tí kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Eyín irin tó ti kán tó bá yọ kúrò nínú ìbọn, kò ní dà á nù. Á kó o sínú agolo kékeré, á kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i lára, á fi pamọ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ìkejì, ìbọn kan ò ní kúrò lórí tábìlì rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fi ọ̀dà èékánná kun ẹnu rẹ̀ ní pupa fòò, kẹ́ni tó bá rí i lè mọ̀ pé ìṣeré ni. Àwọn oníbàárà máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé ìbọn àwọn ń lọ ṣègbéyàwó ni. Á ní bẹ́ẹ̀ ni, kó yáa múra dáadáa.

Ìdí rẹ̀ kì í ṣe eré o. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ní kí ọkọ òun bá òun gbé ìbọn kan fún ẹni tó ni ín ní ìkóríta. Bàbá gbé e kọ́ èjìká láìfi báàgì bò ó, ó ń súfèé lọ. Iwájú báńkì ló dé tí ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ fi pariwo mọ́ ọn, tó dá a dọ̀bálẹ̀ sórí títì, tó fi ẹnu ìbọn gidi tì í lọ́rùn. Òrùka pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kùn sẹ́nu ìbọn ìṣeré náà níbi tí wọ́n ti ṣe é ló yọ ọ́. Ẹ̀ṣọ́ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rí i, ó ní kó dìde. Bàbá dìde, ṣòkòtò rẹ̀ ti tutù. Láti ọjọ́ náà, kò sọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún rí, kò sì tẹsẹ̀ wọ yàrá iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó náà ò yéé dá ara rẹ̀ lẹ́bi, torí òun ló rán an níṣẹ́.

Àfi bí ẹgbẹ́ ṣe yan olórí tuntun, ọkùnrin kan tó ń ta ọkọ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Ọ̀gá Pápá. Lọ́jọ́ Alàmísì, ó kó ìbọn ẹgbẹ́ mẹ́fà tí Màmá Oníbọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe padà wá, pé kó bá òun wo bátìrì wọn. Ó ti nu ọ̀dà pupa kúrò lẹ́nu wọn, ó ti kun gbogbo wọn ní dúdú.

"Ẹ wò ó, Mà. Ó ti wá jọ gidi báyìí. Àwọn ayàwòrán ń bọ̀ ní Sátidé, pupa yẹn ń ba fọ́tò jẹ́. Bá a ṣe fẹ́ kó máa rí lọ nìyí o."

"Ta ló fẹ́ ẹ?"

"Ẹgbẹ́ ni. Ẹ má bínú o, ẹgbẹ́ náà ló ni yàrá tẹ́ ẹ jókòó sí yìí."

Inú bí Màmá Oníbọn, ó bí i dé gongo. Ó wo fèrèsé rẹ̀ títí.

"Ẹ jókòó, ọ̀gá mi."

Ó mú irin tó fi ń tú síkùrù, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀gá Pápá rò pé obìnrin ti gbà, ló bá ń tẹ fóònù rẹ̀. Kò mọ̀ pé agolo mẹ́fà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, gbogbo wọn ṣí sílẹ̀. Nígbà tó fi máa tó wákàtí méjì, ó na ìbọn kan sí i.

"Ẹ yìn ín."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ìbọn náà dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀kẹ̀, ó dákẹ́.

"Mà, kí lẹ ṣe sí i?"

"Eyín tó ti kán ni mo dá padà sínú wọn. Bẹ́ ẹ ṣe gbé wọn wá bá mi lọ́jọ́ kìíní nìyẹn. Eyín tuntun yín rèé nínú agolo, ẹ wá ẹlòmíì tó máa bá yín fi í sí i. Iṣẹ́ ọwọ́ tèmi ò ní bá ẹnu dúdú jáde síta."

"Ẹ ń fi mí ṣeré ni? Sátidé ń kọ́? Ẹ máa kó ẹrù yín kúrò níbí lónìí!"

"Má yọ ara ẹ lẹ́nu, ọmọ yìí. Mo ti ń kó o bọ̀."

Lóòótọ́ ló dùn ún. Ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù pé kó ti bárò wá, omi sì ń dà lójú rẹ̀ bó ṣe ń ká wáyà bátìrì. Àmọ́ kò kábàámọ̀ ohun tó ṣe, ì báà ṣe díẹ̀.

Bàbá dé. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn fúngbà díẹ̀, kó tó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, kó tó gbé ìkejì.

"Kí ló dé tí wọ́n fi lé ẹ?"

"Wọ́n ní kí n jẹ́ kẹ́nu ìbọn dúdú. Mo ní rárá."

Ìbọn kan ṣẹ́kù lórí tábìlì, ti nọ́ọ̀sì kan tó ń bọ̀ wá gbé e lọ́jọ́ kejì, ọ̀dà èékánná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá ṣí ọ̀dà náà. Díẹ̀ kán sílẹ̀, àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún.

"Ó ti tó, Dádì," ìyàwó rẹ̀ sọ nígbà tó yá.

"Kò tíì tó. Ẹ̀ṣọ́ báńkì yẹn ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó rí tèmi." Ó tún ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. "Jẹ́ n kun eléyìí débi tí wọ́n á ti máa rí i láti òdìkejì títì."