Bíbélì Òkè Ààrò

Tí mo bá ti kọjá níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́, Bíbélì bàbá mi ni mo máa ń rántí. Èdè òyìnbó àtijọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, òkè ààrò ẹja ni wọ́n ń gbé e sí kí ikán má baà jẹ ẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àbúrò wọn obìnrin gbé Bíbélì tí wọ́n fi òyìnbó òde òní kọ wá láti Ìkòròdú. Bàbá mi fàáké kọ́rí pé ti àwọn nìkan ló ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n ní kí n ka ibi tí Jésù ti pe àwọn ọmọdé nínú tiwọn. Bí mo ṣe rí “sọ́fà” níbẹ̀, ọ̀rọ̀ òyìnbó tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé ó túmọ̀ sí kí èèyàn jìyà, mo bú sẹ́kún.

“Kí ló dé?”

“Dádì, Jésù ní ká kọ́kọ́ jìyà ká tó wá bá òun!”

Àǹtí mi ní, “Bọ̀dá mi, ‘ẹ jẹ́ kí wọ́n wá’ ló wà nínú tèmi. Ohun tí sọ́fà túmọ̀ sí láyé àtijọ́ nìyẹn.”

Bàbá mi ṣí Bíbélì Yorùbá ìyá mi wò. Bí àǹtí mi ṣe sọ ọ́ ló wà níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa ẹ̀yìn ìwé àtijọ́ wọn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé òun nìkan ni bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn.

Wọ́n wá gbé tuntun náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lókè ààrò. Kó tó dìrọ̀lẹ́, òórùn kan náà ni àwọn méjèèjì ń rùn.