Ọjọ́ Tí “Ẹ Má Bínú” Fẹ́rẹ̀ẹ́ Kó Bá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ẹ̀jìgbò, ẹ̀kọ́ kan wà tí gbogbo wa mọ̀ kí a tó mọ a-b-d: bí àgbà bá ti le ojú mọ́ ọ, kúnlẹ̀, kí o bẹ̀bẹ̀. O ò gbọdọ̀ bèèrè ohun tí o ṣe. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ṣé ẹ rántí? Ìgbájú ni èsì irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, èmi olófìn-íntótó sì jẹ ẹ́ dáadáa.

Ìyá mi ń ta àṣẹ̀kẹ́, ẹ̀gẹ́ rírin tí wọ́n kọ́ sísè rẹ̀ ní Àbíjàn, pẹ̀lú ẹja díndín. Èmi ni mò ń fọ abọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí lọ́jọ́ tí fóònù oníbàárà kan di àwátì, tó ní èmi ni mo jí i. Ìyá mi ti lọ ra ẹja. Ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi tí ọlọ́pàá fi mú mi lọ sí àgọ́ wọn.

Ọ̀gá wọn le ojú mọ́ mi. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. N ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀! Mò ń wo bírò rẹ̀ bó ṣe ń sáré, mò ń rò ó pé: kí ló ń kọ tó gùn tó báyìí, nígbà tí n ò tíì sọ nǹkan kan? Ó ní kí n buwọ́ lù ú, pé kóòtù ló kàn.

Mo ti di bírò mú nígbà tí ìyá mi já wọlé pẹ̀lú Àǹtí Lọ́yà, oníbàárà wa.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló jókòó ti ọmọ yìí nígbà tí ẹ ń bi í léèrè?”

Àǹtí ló bi ọ̀gá náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kò yẹ kí ọlọ́pàá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọdé láìsí òbí àti lọ́yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n wá bi mí jẹ́jẹ́ pé kí ni mò ń tọrọ àforíjì lé lórí. Mo ní n ò mọ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ni. Ìyá mi bú sẹ́kún. Ọ̀gá náà fa ìwé rẹ̀ ya, ó sì ní ká máa lọ. Abẹ́ ìjókòó mọ́tò oníbàárà tó ni fóònù náà ni wọ́n ti rí i lọ́jọ́ kejì.

Mo da ìbéèrè bo Àǹtí títí a fi délé: ṣé ọmọdé náà lè ní lọ́yà? Ṣé mo lè dákẹ́ títí ẹ ó fi dé? Wọ́n dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìgbájú lọ́jọ́ náà.

Ọmọ tèmi náà ń kúnlẹ̀ lónìí, n ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fajú ro, mo bi í pé ta ló jẹ ẹran inú ìkòkò. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà dé ná.”

Ìyá mi jáde láti yàrá, wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó tì í.

“Ó yá,” ni wọ́n wí, “máa bi í.”