Owó Ibodè Lórí Páálí Ẹ̀gbọ́n Mi

Kí Yèyé mi tó yọ sí wa ni a ti máa ń gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún á kọ́kọ́ balẹ̀ gbì, ti òsì á wá wọ́ tẹ̀ lé e, ṣìnrìn. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú ju ọ̀tún lọ láti ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ti dojú dé pẹ̀lú òun àti bàbá mi lójú ọ̀nà òwò. Òṣómàáló ni bàbá mi, ọ̀kan nínú àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì ń lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Yèyé ni ó máa ń bá a ru ẹrù. Wọ́n to egungun ẹsẹ̀ náà, ó jinná, ṣùgbọ́n ó jinná ní kúkurú. Nígbà tí a wà ní kékeré ní Iléṣà, ìró yẹn la fi ń mọ̀ pé kí á kó gbogbo ìwà burúkú wa pamọ́. A ó ti jókòó jẹ́ẹ́ kó tó dé ìdí ilẹ̀kùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí rẹ̀, ni ìró náà máa ń ká lára jù. Ó ti lọ sí òkè òkun kí ọdún 1990 tó dé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì wálé. Lọ́jọ́ tó fẹ́ padà, ó ní kí Yèyé dúró ti ògiri pálọ̀. Ó fẹ́ ki ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì bọ abẹ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, Yèyé yarí pé òun kò ní fẹsẹ̀ tẹ orin Ọlọ́run láéláé. Ó bá lọ mú pákó pẹlẹbẹ wá láti ẹ̀yìnkùlé, ó to ọ̀kan lé èkejì, ó ń wo ìṣẹ́tí aṣọ Yèyé títí tó fi dọ́gba. Ó fi téèpù wọn gígùn ẹsẹ̀, ó wọn ìbú rẹ̀, ó kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀.

“Ṣé pósí lo fẹ́ kàn fún mi ni?” ni Yèyé bi í.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ní eré lòun ń ṣe. A kó pákó dà síta, ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo nígbà náà, mo sì háyà yàrá méjì ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó pè mí sórí tẹlifóònù ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì. Ó ní òun ti rí nǹkan kan rà fún Yèyé. Ó ní níbi tí òun wà, èèyàn kò nílò láti dé ọjà. Wọ́n á fi ìwé alálàwòrán ránṣẹ́ sílé ẹni, èèyàn á mú èyí tó wù ú, á kọ̀wé sí wọn, á fowó sí i. “Mo ní kí wọ́n ṣe é bí mo ṣe fẹ́ ẹ gan-an,” ló wí. “Wọ́n á fi ránṣẹ́ tààrà sí àpótí ìfìwéránṣẹ́ rẹ, orúkọ Yèyé ló máa wà lára rẹ̀. Má sọ fún un o. Mo ti san gbogbo owó rẹ̀, ẹ kò ní san kọ́bọ̀.” Mo bi í pé kí ni nǹkan ọ̀hún, ó kàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi ti ń wò mí, mo bá gbé tẹlifóònù kalẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀.

Orí tẹlifóònù yẹn kan náà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti wá sọ fún mi pé ó ṣubú lulẹ̀ níbi iṣẹ́ nínú òtútù, kò sì dìde mọ́. Wọ́n ti sin ín kí wọ́n tó rí nọ́ńbà mi. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹni tó kú sí ìdálẹ̀ kò bá ṣeé gbé wá, a máa ń ní kí wọ́n gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wá, kí a lè sin ìyẹn sílé. Mo béèrè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí n má bínú, òun kò rántí.

Yèyé kò sunkún lójú wa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní, gbogbo ìgbà tí mo bá sì ti Òṣogbo wá ló ń bi mí. “Ṣé wọn ò mú nǹkan kan wá sí ulé ni?” Màá ní wọn ò mú nǹkan wá. Á ní ó dáa, á sì wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sí yàrá. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àtilọ sílé.

Lọ́jọ́ kan, ìwé pélébé kan jáde nínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ mi. Wọ́n ní páálí kan dé láti òkè òkun, kí ẹni tó ni orúkọ tó wà lára rẹ̀ fúnra rẹ̀ wá, kí aṣọ́bodè lè yẹ̀ ẹ́ wò lójú rẹ̀. Mo ti gbàgbé ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ní òun rà pátápátá. Mo lọ sí Iléṣà, mo jókòó ti Yèyé lórí bẹ́ńṣì ilé ìdáná, mo ní ẹ̀gbọ́n mi ti fi nǹkan ránṣẹ́ sí i kó tó kú, nǹkan náà ti wà ní Òṣogbo báyìí.

“Ọmọ mi ti dé,” ló wí.

“Yèyé, páálí ni o.”

“Mo gbọ́.”

Aṣọ dúdú ló wọ̀ wá sí Òṣogbo. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi gbàjá mọ́ ìdí bíi ti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Aṣọ́bodè tó wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi awò sójú, onísùúrù èèyàn. Ó kí Yèyé dáadáa, ó fún un ní àga. Lẹ́yìn náà ló gbé páálí náà sórí tábìlì, ó mú ọ̀bẹ. Bí ó ti mú ọ̀bẹ ni Yèyé dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó kọjú sí ògiri.

“Màmá, ẹ yíjú síbí o. Ẹ̀yin lẹ ni ẹrù.”

“Ẹ máa ṣe uṣẹ́ yín, ọ̀gá.”

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. A kì í jẹ́ kí òbí fojú rí òkú ọmọ rẹ̀, wọn kì í sì í fi ibojì rẹ̀ hàn án. Yèyé mi ti mú páálí yẹn ní òkú ọmọ rẹ̀. Mo sún mọ́ ọkùnrin náà, mo rọra ṣàlàyé fún un, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má dárúkọ ohun tó bá rí níbẹ̀. Ó wò mí, ó ní kò burú, ó gé okùn.

Bàtà ni. Bàtà awọ dúdú, olókùn, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Àtẹ́lẹsẹ̀ ti ọ̀tún fẹ́lẹ́ bíi ti gbogbo bàtà. Àtẹ́lẹsẹ̀ ti òsì nípọn gẹ́gẹ́ bíi pákó tí ẹ̀gbọ́n mi tò lérí ara wọn ní pálọ̀ wa. Mo rí i níwájú mi bí ó ṣe lóṣòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Yèyé pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́, tí àwa sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Aṣọ́bodè gbé méjèèjì sókè, ó ń yí wọn wò. Àánú ṣe é. “Ẹ ò rí i pé kò dọ́gba,” ló wí. “Àwọn tó ṣe é ló ṣe é dànù. Ta ló máa ra irú èyí? Màmá, kò níye lórí rárá. Bẹ́ẹ̀ ni n óò ṣe kọ ọ́, ẹ ó kàn san owó táṣẹ́rẹ́, ẹ ó sì máa gbé e lọ.”

Oore ló rò pé òun ń ṣe, oore sì ni lóòótọ́.

“Kí lẹ sọ?” ni Yèyé wí láti ibi ògiri.

“Mo ní kò níye lórí, Màmá. Fún àǹfààní yín ni.”

“Ọmọ mi ló wà níbẹ̀ yẹn, ọ̀gá. Ẹ ò lè kọ ọ́ pé kò níye lórí lójú mi.” Ó wá dárúkọ iye kan. Kò yíjú padà, kò gbé ohùn sókè. Owó tó dá lé e tó ra ọ̀kadà tuntun nígbà náà.

Mo mọ ohùn yẹn. Ohùn tí òun àti bàbá mi fi ń ta aṣọ ni. Bí oníbàárà bá ti bu ọjà bàbá mi kù, á ká aṣọ rẹ̀ ni, á dì í, á rù ú, kò ní bá ẹni náà sọ̀rọ̀ mọ́. Mo fa Yèyé lọ́wọ́. Mo ní, “Yèyé, iye tẹ́ ẹ bá dá lé e ni wọ́n máa wò gba owó ibodè lọ́wọ́ yín o.”

“Mo mọ̀. Mo ti ń ṣòwò kí n tó bí ọ.”

Aṣọ́bodè tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní kó ro ó wò. Yèyé ní òun ti rò ó. Ọkùnrin náà wò mí bí ẹni pé kí n gba òun, èmi náà ń wò ó. Níkẹyìn ó mú bírò, ó kọ ọ́. Owó ibodè jáde, wọ́n fi owó ìyẹ̀wò kún un, wọ́n ní owó ìpamọ́ yóò máa gorí rẹ̀ bí a kò bá tètè wá gbé e. Owó oṣù mi kò lè sún mọ́ ọn. Ẹni tó ní a kò ní san kọ́bọ̀ ti wà nínú ilẹ̀, n kò rí i bá jà.

Inú bí mi dé ilé. Yèyé ń lọ níwájú mi, gbì, ṣìnrìn, gbì, ṣìnrìn, mo sì ń ronú pé ohun tó máa dá ìró yẹn dúró wà lórí tábìlì lẹ́yìn wa. Nígbà tí a jókòó, mo ní kó jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú páálí fún un, pé nǹkan tó máa wúlò fún un ni.

“Bí o bá sọ ọ́,” ló wí, “òkú ọmọ mi lo fi hàn mí yẹn. Ṣé ohun tí o fẹ́ ṣe nìyẹn?”

Mo lọ sunkún nínú ilé ìwẹ̀, mo bú u sínú ara mi, mo bú ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú.

Yèyé padà sí Iléṣà, ó ṣí àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Sányán tí bàbá mi rà fún un kó tó kú wà níbẹ̀, èyí tó ti ní kí a fi sin òun. Ó tà á fún ìyàwó ọkùnrin kan tó ń ra wúrà ní Itagunmodi, nítorí àwọn nìkan ló ní owó gidi lọ́wọ́ nígbà náà. Kò tà á lówó pọ́ọ́kú. Bí wọ́n ṣe ń ná an lọ ná an bọ̀, owó ìpamọ́ ń gorí ara rẹ̀ ní Òṣogbo, òun kò sì mira. Ìgbà tí owó pé, ó kó o wá, ó san án, ó gba páálí náà.

Nínú mọ́tò tí a wọ̀ padà sí Iléṣà, awakọ̀ ní kí a gbé páálí sí búùtù. Yèyé ní èèyàn kì í gun búùtù. Ó san owó ìjókòó kan fún un, ó gbé e kalẹ̀ sáàárín èmi àti òun, ó gbé ọwọ́ lé e títí a fi délé. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ náà.

Àwọn ọmọ àbúrò bàbá mi ló gbẹ́ ilẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Yèyé ti ara rẹ̀ mọ́lé, a ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń kọrin ìsìnkú. Èmi ni mo gbé páálí sínú ihò. Nígbà tí iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ bà á, ó kù díẹ̀ kí n ní kí wọ́n dúró. Wọ́n gbin kókò sórí ibẹ̀ kí ojú ilẹ̀ má bàa hàn, kò sì sí ẹni tó fi ibẹ̀ han Yèyé. Ojú ọ̀nà kànga ni. Gbogbo àárọ̀ ni ó ń gba ẹ̀gbẹ́ kókò yẹn kọjá pẹ̀lú garawa, gbì, ṣìnrìn. Bí mo bá wà nílé, mo máa ń wọlé kí n má bàa gbọ́ ọ.

Ó tó ọdún mélòó kan kí àìsàn tó dá a wó. Àwọn ọdún 1990 ti ń lọ sópin. Mo ń fi òróró pa á lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òsì ló wà lọ́wọ́ mi, ó ní, “Ukú ti dé ọ̀dọ̀ mi báyìí. Kò sí ohun tí mi ò lè rí mọ́. Kí ló wà nínú páálí yẹn?”

“Bàtà ni, Yèyé.”

Ó ń wo àjà. “Bàtà tèmi?”

“Bàtà yín. Ọ̀kan nípọn nísàlẹ̀.”

Ó bojú wo ẹsẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ṣé ó rántí pé òsì ni?”

“Ó rántí.”

Ó gba ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ mi, ó fà á sábẹ́ aṣọ bora, ó kọjú sí ògiri bó ṣe ṣe lọ́jọ́ náà ní Òṣogbo. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo jókòó tì í.

A sin ín ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú sányán tí èmi rà. Kò dára tó ti bàbá mi.

Mo ṣì máa ń lọ sùn ní ilé náà. Ní ìdájí, nígbà tí ó yẹ kí èèyàn máa pọnmi, ẹnì kan máa ń ti ẹ̀gbẹ́ kókò wá sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ní ìgbà àkọ́kọ́ mo ní Yèyé mi ni, mo wá tẹ́tí sí ìró ẹsẹ̀ náà, kò jọ tirẹ̀. Kò sí èyí tó ń wọ́. Gbì, gbì, gbì, gbì ni, ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba, ó ń rìn bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rí. N kì í ṣílẹ̀kùn. Mo máa ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí yóò fi kọjá.